Ẹrù Tí A Gbà Lọ́wọ́ Àgbà

Ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tí a fi ń mọ ọmọ tí a kọ́ tí ó gbẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ni pé bí ó bá pàdé àgbà tí ó ru ẹrù lọ́nà, yóò gba ẹrù náà. Kì í kọ́kọ́ bèèrè ibi tí àgbà náà ń lọ, kì í sì í wò ó bóyá ẹrù náà wúwo tàbí ó fúyẹ́. Ìbáà ṣe akèrègbè kan ṣoṣo, ìbáà ṣe ìdì ewé ẹ̀kọ, gbígbà ni yóò gbà á. Ọmọ tí ó bá rí àgbà bẹ́ẹ̀ tí ó mójú kúrò, òbí rẹ̀ ni àwọn ènìyàn yóò bèèrè. Èmi náà gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn àgbà Ìlọrà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, láàárín ọdún 1970 sí 1980, mo sì gba àdúrà tí ó pọ̀ lórí rẹ̀. N kò mọ̀ nígbà náà pé ìwà ọmọlúàbí yìí ní ìtàn kan lẹ́yìn, àti pé ara àwọn àgbà gan-an ni a kọ apá kan ìtàn náà sí. Ìgbà tí ìyá tí ó bí mi kò lè dìde lórí àga mọ́ àfi bí ènìyàn bá fà wọ́n ní apá ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ náà láti ìpìlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà. Àwọn ìlú tí a kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ Afijió lónìí, Fìdítì, Ìlọrà, Awẹ́, Akínmọ̀ọ́rìn àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, wà láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú láàárín ọdún 1830 sí 1840, tí Aláàfin Àtìbà sì sọ Àgọ́ Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun, ọ̀pọ̀ ènìyàn láti àwọn ìlú ọ̀dàn lókè ni ó rọ́ wá sí agbègbè yìí. Ohun tí orí wọn gbà ni wọ́n rù wá: odó, ìkòkò, ẹní, irúgbìn, òrìṣà ìdílé. Ẹṣin kì í pẹ́ láyé ní ẹ̀bá igbó nítorí eṣinṣin tí í kó àìsàn ràn án. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kò sì sí. Nítorí náà, láti ayé ogun títí di ìgbà tí àwọn òyìnbó gba ilẹ̀, ọrùn ènìyàn ni ọkọ̀ akẹ́rù wa. Aláàárù tí ó bá fẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀ yóò wá ẹni tí yóò bá a sọ̀ ọ́. Nígbà tí ó bá sì sinmi tán, yóò tún wá ẹni tí yóò gbé e rù ú. Ìdí nìyí tí gbígba ẹrù fi di ẹ̀kọ́ ilé: ibi tí ẹrù bá pọ̀ sí ni ìrànlọ́wọ́ ti í níyì.

Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn. Ní ọdún 1906, ìjọba amúnisìn la ọ̀nà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, nǹkan bí 50 kìlómítà, mọ́tò ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ọ̀nà yìí ni àwọn òpìtàn kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè tí ó di Nàìjíríà. Fìdítì wà lójú rẹ̀. Ìlọrà kò jìnnà sí i. Bí ènìyàn bá wá ń wá ibi tí ẹrù ti kọ́kọ́ kúrò lórí ọmọ Yorùbá bọ́ sẹ́yìn mọ́tò, kí ó má lọ sí Èkó. Àárín àwọn ènìyàn wa ni ó ti ṣẹlẹ̀. A máa ń fi èyí yangàn, ó sì tọ́ kí a fi yangàn.

Ṣùgbọ́n ojú títì nìkan ni mọ́tò gba ẹrù lọ́wọ́ wa. Láti oko dé ojú títì, orí ni. Ẹni tí ó bá ti dúró ní ọjà èso Fìdítì rí, níbi tí àwọn obìnrin ti ń sáré gbé ọsàn, ọ̀pẹ̀yìnbó àti máńgòrò lọ bá àwọn arìnrìn-àjò lójú fèrèsé ọkọ̀, yóò mọ̀ pé ọrùn kò tíì fẹ̀yìn tì. Nínú oko, igba ebè ni àwọn baba wa fi ń wọn iṣẹ́. Ẹni tí ó bá kọ igba ebè iṣu ti bẹ̀rẹ̀, ó ti nàró, ó ti gbé ọkọ́ sókè, ó sì ti fa erùpẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní ìgbà tí kò níye. Ní ilé, obìnrin ni ó ni ọmọ odó, òun ni ó ni ọlọ, òun ni ó ń rin gbágùúdá, òun ni ó sì ń fi òkúta tẹ àpò gaàrí kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Orí ẹní ni tọkùnrin tobìnrin ń sùn, orí àpótí ni wọ́n ń jókòó sí. Ẹni 70 ọdún tí ó ń dìde nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ti gbé ìwọ̀n ara rẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, kò sì pè é ní nǹkan kan.

Ìdọ̀bálẹ̀ pàápàá, bí a bá wò ó dáadáa, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ní bárékè. Ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé bí ènìyàn ṣe ń dàgbà ni iye àwọn tí ó yẹ kí ó dọ̀bálẹ̀ fún ń dín kù, títí yóò fi ku jíjókòó gba ìdọ̀bálẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn Mùsùlùmí àárín wa nìkan ni ẹ̀sìn kò jẹ́ kí wọ́n bọ́ nínú ìforíkanlẹ̀ bẹ́ẹ̀ bọ̀rọ̀.

Bí a ṣe ń fi ẹrù kọ́ ọmọ náà yẹ ní àfiyèsí. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sódò, agolo mílíìkì ni a ó gbé rù ú. Bí ọdún bá ti yí i, yóò gba péèlì kékeré. Ní ìgbà tí ó bá fi bàlágà, garawa karosíìnì ni, tí omi inú rẹ̀ tó nǹkan bí 18 kílò, yóò sì máa rìn lọ láìfọwọ́ kàn án. Kò sí ẹni tí ó kọ ìlànà yìí sílẹ̀. Àwọn Gíríìkì ní ìtàn ajìjàkadì wọn kan, Milo ará Croton, tí ó gbayì ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn: wọ́n ní ó ń gbé ọmọ màlúù kan lójoojúmọ́ títí ọmọ màlúù náà fi di akọ ńlá lọ́rùn rẹ̀. Àlọ́ ni, ó dá mi lójú, ṣùgbọ́n ohun tí àlọ́ náà ń sọ ni Dókítà Thomas DeLorme fi tọ́jú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí orúnkún wọn fara pa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Dípò ìsinmi gígùn tí a ń fún wọn tẹ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé irin, kí a sì máa fi kún irin náà bí ẹsẹ̀ ṣe ń mọ́ ọn lára. Ó kọ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1945. Ohun tí ó ṣe kò ṣàjèjì sí ọmọ tí ó ti agolo bọ́ sí garawa.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹrù tiwa ní òpin ọjọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹni tí ó bímọ kò gbọ́dọ̀ fi orí ru ẹrù dójú ikú. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìtìjú àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Ní ayé àtijọ́, òwe yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé ọmọ kò lè gba gbogbo rẹ̀ tán. Bí ó bá gba ọkọ́ lọ́wọ́ baba, baba ṣì ní láti rìn dé oko láti lọ wo ohun tí ọmọ ń ṣe. Bí ó bá gba omi lọ́wọ́ ìyá, ìyá ṣì ní ọlọ. Ìgbà ayé tiwa yìí ni a wá rí ohun èlò tí a fi lè gba ohun gbogbo. Ní nǹkan bí ọdún 1959 sí 1960 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà tí Olóyè Akin Deko jẹ́ mínísítà fún ètò ọ̀gbìn, dá àwọn ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀, tí Ìlọrà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kí àwọn ọmọ tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́ lè fi katakata ṣe ohun tí baba wọn fi ọkọ́ ṣe. Ẹ̀rọ ìlọta ti kó iṣẹ́ ọlọ lọ. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mákanjúọlá ṣe ẹ̀rọ tí ń gún iyán ní Yunifásítì Ifẹ̀. Kànga ẹ̀rọ dé àdúgbò. Nígbà tí ọ̀kadà wá dé, ọ̀nà oko pàápàá kò gba ẹsẹ̀ mọ́.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń sunkún ayé àtijọ́. Mo rí i. Mo rí àwọn tí ẹrù fọ́ ní ẹ̀yìn, àwọn tí ìpá yọ lára wọn nítorí ohun tí ó ju agbára wọn lọ, àwọn obìnrin tí orúnkún wọn wú kí wọ́n tó pé 50 ọdún. Ẹrù oko kò mọ ẹni tí kò jẹun, kò mọ aboyún, kò mọ ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Kì í sì í ṣe pé wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọdé. Ẹni tí ó bá sọ pé ìyà yẹn ni ìlera kò gbé abúlé rí. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú ìyà náà ni ohun kan wà tí ara ń jẹ, nígbà tí a sì gbé ìyà náà dànù, a kò wo inú rẹ̀ kí a tó dà á nù.

Kí ni ohun náà? Èdè wa kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ níbí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà, iṣan, ni a ń lò fún ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, fún okùn tí ó so ẹran mọ́ eegun, àti fún ẹran náà fúnra rẹ̀ tí ń fà tí ó sì ń dẹ̀ nígbà tí a bá ń gbé nǹkan. Ìkẹyìn yìí ni mo ń bá wí. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó para pọ̀ di iṣan. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọn kì í tètè rẹ̀. Àwọn kan yára, wọ́n lágbára, àwọn ni wọ́n ń gbà wá nígbà tí a bá kọsẹ̀ tí a fẹ́ ṣubú. Àwọn tí ó yára yìí ni ọjọ́ ogbó ń kọ́kọ́ mú. Ní ọdún 1988, àwọn onímọ̀ kan ní Sweden ṣe àyẹ̀wò iṣan itan àwọn ọkùnrin 43 tí wọ́n ti kú, láti ẹni 15 ọdún dé ẹni 83. Wọ́n rí i pé láti nǹkan bí 25 ọdún ni iṣan ti ń dín, àti pé ní 80 ọdún, nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ ti lọ. Ní ọdún kan náà, Dókítà Irwin Rosenberg sọ níbi ìpàdé kan ní Amẹ́ríkà pé ohun tí ó ṣe pàtàkì báyìí kò tilẹ̀ ní orúkọ. Ó fi èdè Gíríìkì sọ ọ́ ní sarcopenia, èyí tí í ṣe àìní ẹran ara. Àwọn ará ilé wa ti ń wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Bí wọ́n bá ní ẹran ti tán lára bàbá, wọ́n ti sọ ọ́ tán.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ni èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ní 1988 náà, William Frontera àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston mú ọkùnrin 12 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 60 sí 72. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé irin tí ó wúwo ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12. Agbára iwájú itan wọn ju ìlọ́po méjì lọ, iṣan itan náà sì tóbi sí i. Ní 1990, Dókítà Maria Fiatarone gbé e dé ibi tí àwọn kan kà sí wèrè: ó mú àgbàlagbà mẹ́wàá ní ilé ìtọ́jú arúgbó, ẹni 86 ọdún dé ẹni 96. Mẹ́sàn-án ni ó parí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà. Agbára ẹsẹ̀ wọn fi 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn méjì ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí kò lè dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára náà tún lọ. Èyí ni ó bà mí lẹ́rù jù: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Bí ẹrù ṣe ń ṣe é kò ṣòro láti yé ni. Lákọ̀ọ́kọ́, ọpọlọ àti àwọn okùn ìmọ̀lára tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀pọ̀ fọ́nrán lẹ́ẹ̀kan náà; ìdí nìyí tí agbára fi ń pọ̀ kí iṣan tó tóbi. Lẹ́yìn èyí, ìnira náà ń rán iṣẹ́ sí inú fọ́nrán pé kí ó kọ́ ara rẹ̀ ju bí ó ṣe ń wó lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ó fara ti fọ́nrán sì ń dìde láti ṣe àtúnṣe. Ara arúgbó ń gbọ́ ìpè yìí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wúwo díẹ̀. A ní láti pè é kíkan, kí a sì fún un ní ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja tí yóò fi kọ́lé. Oúnjẹ nìkan kò tó. Ní 1994, Fiatarone tún ṣe irú ìwádìí yìí pẹ̀lú àgbàlagbà 100, ó sì fún àwọn kan ní ohun mímu aṣaralóore láìfún wọn ní irin gbé. Agbára wọn kò pọ̀ sí i. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí gbogbo agolo ohun mímu tí èmi àti àwọn àbúrò mi tò sórí tábìlì màmá wa.

Ọdún 2015 ni mo kó wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn, lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Títí di ìgbà náà ni wọ́n ń gún iyán ara wọn ní Ìlọrà, tí wọ́n ń pọnmi láti ẹ̀rọ àdúgbò, tí wọ́n sì ń dá gaàrí díẹ̀ tà. Èmi ni mo fi odó náà fún ìbátan wa kan. Mo ra àga tìmùtìmù fún wọn, mo ra bẹ́ẹ̀dì gíga, mo wá ọmọbìnrin kan tí yóò máa gbé omi ìwẹ̀ fún wọn dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ìlú gbọ́ pé mo tọ́jú ìyá mi. Ní ọdún kẹfà, wọ́n kò lè dìde. Mo rò pé àìsàn ni. Mo gbé wọn káàkiri. Ní ilé ìwòsàn kan ni obìnrin tí ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn ti ní kí wọ́n gbìyànjú àtidìde, ó wò wọ́n, ó sì kọjú sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, kí ni màmá ń gbé nílé?” Mo fi ìyangàn dáhùn pé wọn kì í gbé nǹkan kan.

Kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ wa kò mọ̀. Láti ìparí 2003 dé 2004, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ṣáájú wọn, ti ilé dé ilé ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá. Àgbà 2,152 tí wọ́n ti pé 65 ọdún ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, lára ohun tí wọ́n sì bi wọ́n ni bí wọ́n ṣe ń dìde, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn, bí wọ́n ṣe ń di nǹkan mú. Ilé Ìwòsàn UCH ṣí ẹ̀ka tí ó wà fún àwọn àgbà nìkan ní 2012. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ nínú ìlànà rẹ̀ ní 2010, ó sì tún un sọ ní 2020, pé kí ẹni tí ó bá ti pé 65 ọdún máa ṣe ohun tí ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ìmọ̀ ti dé Ìbàdàn. Ojú ọ̀nà 1906 ni yóò tún gbà dé Fìdítì.

Ohun tí wọ́n ní kí màmá máa ṣe kò ju pé kí wọ́n máa dìde kí wọ́n sì máa jókòó lórí àga tí kò ní tìmùtìmù, kí wọ́n sì máa fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ gbé àpò kékeré tí a rọ iyanrìn kún. Dókítà kọ́kọ́ yẹ ọkàn wọn àti ìfúnpá wọn wò. Kílò kan ni a fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kò gbọ́dọ̀ sé èémí mọ́nú bí wọ́n bá ń gbé e. Nígbà tí a fi pé oṣù mẹ́ta, kílò mẹ́ta ni, wọ́n sì ń dìde fúnra wọn láti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọn kò padà di ẹni tí ń gúnyán, n kò sì ní parọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi.

Ibi tí wàhálà ti wá ni ọ̀dọ̀ ẹbí. Àbúrò màmá kan wá kí wa láti Ìlọrà, wọ́n bá ẹ̀gbọ́n wọn lẹ́nu àpò iyanrìn. Wọn kò bá mi jà lójú wọn. Nígbà tí wọ́n délé ni wọ́n pè mí lórí fóònù: “Àkànjí, ṣé ó wá dé ibi tí ìyá rẹ ń ru yẹ̀pẹ̀ lẹ́ni 87 ọdún? Kí ni kí a sọ fún àwọn ará ilé?” Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé iṣan, mo ṣàlàyé Boston, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe mí kanlẹ̀. Màmá fúnra wọn ni ó wá ọgbọ́n sí i. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn àlejò lẹ́nu ọ̀nà, wọn a dìde, wọn a rọra bẹ̀rẹ̀, wọn a sì ti àpò méjèèjì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó wí pé kí ẹni náà wọlé.